Ẹja Tí Bàbá Mi Kì Í Ká

Scotland
9 Oṣù Kẹfà, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú òjò. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bínú pé mi ò kọ̀wé láti ìgbà Àjíǹde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ ìbínú dúró ná. Iṣẹ́ ni. Tí ẹja bá ti wọlé níbí, a kì í mọ òní yàtọ̀ sí àná. Tí mo bá sì ní kí n pè yín lórí fóònù, etí yín ọ̀tún ò gbọ́, tòsì ń gbọ́ ohun tó bá wù ú. Bàbá náà á gba fóònù, wọ́n á ní, "Hàlóò, ó dàbọ̀," wọ́n á gbé e padà fún yín. Ìwé ló yẹ wá nílé wa.

Ó dáa, ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti jókòó? Mo lóyún.

Ó ti wọ oṣù kẹta. Ìparí oṣù Kejìlá ni dókítà ní kí a máa retí. Màmá, ọdún mẹ́fà tí a ti ń wá ọmọ. Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún wa, Kọ́ládé ọkọ mi gbé kọ́kọ́rọ́ ilé sínú fíríìjì, a wá a títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní, ti Bàbá ni. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n pa àrọ̀ ìsọmọlórúkọ fún ọmọ mi. Kọ́ládé kì í ṣe ọmọ odò, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, nítorí náà mo ní láti ṣàlàyé fún un: nílé wa, bàbá àgbà ọmọ ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ pa ẹja náà, òun náà ló ń yan án, kì í sì í ká a. Gbogbo ayé ló ń ká àrọ̀, wọ́n á ki ìrù ẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bàbá á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un láti ẹnu dé ìrù kó lè gbẹ ní gbọọrọ, kí ọ̀nà ọmọ má bàa wọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe tèmi nìyẹn. Bí bàbá wọn ṣe ṣe tiwọn náà nìyẹn. Kọ́ládé bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé tí ẹja bá ká, ṣé yíyí po ni ọmọ á máa yí po ni. Kò tíì mọ irú ilé tó ti fẹ́yàwó.

Ẹja náà ni mò ń bá ṣiṣẹ́ níbí. Títùsì tí ẹ̀ ń rí ní Kétu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ló tò ó sínú páálí. Ẹja ò wọ́n mi. Ti Bàbá ni mo fẹ́.

Success tí a jọ lọ iléèwé ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, ó ń wá lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Alápẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ gbogbo edé yín tán.

Ọmọ yín,
Adédiwúrà


Àgbóyi
21 Oṣù Keje, 2024

Adédiwúrà, ìyá ọmọ,

Kú àjò, kú òtútù, kú ẹrù ọ̀wọ̀. Àwa náà wà, a dúpẹ́.

Èbúté ni Success ti fún mi ní lẹ́tà ẹ. Mi ò lè dúró, inú ọkọ̀ ni mo ti tú u. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní kí n jókòó, mo ti jókòó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìlà tó tẹ̀ lé e, mo dìde! Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Enoch atukọ̀ pariwo pé, "Ìyá Diwúrà, ṣé ejò ni?" Mo ní kì í ṣe ejò, ọmọ ni. Mo kúnlẹ̀ sínú omi tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Aṣọ mi rin gbingbin. Kò dùn mí rárá.

Má gbé nǹkan wúwo. Má dúró jù. Má jẹ́ kí Kọ́ládé máa bá ẹ jiyàn, kó fi iyàn jíjà sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Mo ti jíṣẹ́ fún bàbá ẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá dìde lọ wo ìgèrè tó fi ń dẹ ẹja. O mọ ìṣe ẹ̀. Ẹja á dé.

Omi nìkan ni kò rí bó ṣe ń rí mọ́. Òjò tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kí a tó ṣe Àjíǹde, oṣù Kẹfà ló rántí wa. Ìgbà tó dé, ó ní òun ò lọ mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ láti ọ̀sà gòkè dé ibi tí kò dé rí láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Ibi tí mo ti ń fọ abọ́ ni mo ti tọ́ ọ wò, mo tu ú dànù. Koríko ojú omi sì dí gbogbo ẹnu ọ̀nà, tí o bá rí i láti òkèèrè wàá rò pé pápá bọ́ọ̀lù ni. Àwọn àgbààgbà ní irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ọbẹ̀ tí mo sè lánàá, edé mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. Mo mọ iye wọn nítorí pé èmi ni mo kì wọ́n bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ebi ò pa wá, má dààmú.

Nǹkan kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ sí. Bá mi ra ìbọ̀wọ́ tó nípọn fún bàbá ẹ, èyí tí òtútù ò lè gbà wọlé, àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Má bi mí pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Àgbà ti dé sí i, ara ẹ̀ ń tutù.

Ìyá ẹ ni.


Scotland
15 Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ti fi ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́, ẹ óò ti rí i kí lẹ́tà yìí tó dé. Irú èyí tí èmi gan-an ń wọ̀ níbi iṣẹ́ ni. Inú yìnyín ni a máa ń kì í bọ̀, ìka kì í mọ̀ ọ́n. Mo fi hàn Kọ́ládé, ó ní kí ni ọmọ Èkó fẹ́ fi ìyẹn ṣe nínú oòrùn Èkó. Mo ní àgbà ni. Ṣùgbọ́n èmi náà ronú sí i. Bàbá tó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú omi ní ìdájí nínú ọyẹ́, tí kì í gbọ̀n, ìgbà wo ni òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn?

Màmá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè nínú oṣù tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ní wọ́n ti lọ sómi. Mo pè lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ní omi ni wọ́n wà. Láti ìgbà wo ni Bàbá ti ń lọ sómi lọ́jọ́ Àìkú? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Tí ara wọn ò bá yá, ẹ sọ fún mi. Mi ò kéré mọ́.

Níbí náà, ẹja ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàn wá lódì. Ọ̀gá wa ní òkun ti ń móoru, Títùsì ti ń sá lọ sí àríwá, àwọn ọkọ̀ á lo ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó bá a. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ méjì péré la ṣiṣẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́, mò ń wo òkun, ọ̀rọ̀ yín sì sọ sí mi lọ́kàn. Ṣé omi kan náà ni gbogbo wa ń bá jà ni?

Ọmọ ti ń tàpá nínú ikùn mi. Tí mo bá ti jẹ ata, ó máa jó.

Ẹ jọ̀ọ́, kí òjò oṣù Kẹwàá tó dé, ẹ kúrò ní Àgbóyi. Ẹ lọ sọ́dọ̀ Aunty Sẹ̀kínát ní Ìkòsì, ọ̀rẹ́ yín ni wọ́n, wọ́n ti ní yàrá nílẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí Bàbá bá mi sọ̀rọ̀.

Adédiwúrà


Ìkòsì
27 Oṣù Kẹwàá, 2024

Diwúrà ọmọ mi,

Kú ìfaradà. Àdírẹ́sì tó wà lókè ti sọ fún ẹ. Omi wọlé.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òjò fi rọ̀, omi òkè wá pàdé omi ọ̀sà, àwa la wà láàárín. Àárọ̀ ni mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ omi. Fóònù mi wà nílẹ̀ níbi tí mo ti ń gba iná sí i. Ó ti lọ. Ààrò ìyanja mi tí bàbá ẹ fi amọ̀ mọ, ó yọ́ níṣojú mi. Ọkọ̀ la fi kó ẹrù jáde láti ojú fèrèsé. Adìyẹ mi méjì dúró sórí òrùlé, wọ́n ń wò mí bí ìgbà tí èmi ni mo pe omi. Sẹ̀kínát ti gbà wá sílé, Ọlọ́run á gbà fún òun náà. Parlour ẹ̀ ni à ń sùn. Fóònù alátọ́ọ̀ṣì ló ní, nọ́ńbà ẹ̀ nìyí nísàlẹ̀ ìwé.

Mo gbọ́ ohùn ẹ lórí ọ̀rọ̀ bàbá ẹ. Àlàáfíà ló wà. Ìbọ̀wọ́ bá a mu, ó ń dúpẹ́. Má fi ọkàn sí ohun tí kò sí, oyún kì í fẹ́ ìrònú.

Ẹja rè é. Mo we é sínú ìwé ìròyìn àti ọ̀rá méjì. Mo fi ẹ̀gúsí àti irú sí i.

Ìyá ẹ.


Scotland
18 Oṣù Kọkànlá, 2024

Màmá,

Ẹja dé. Ó ká.

Mo tú ìwé ìròyìn, mo rí ìrù ẹja lẹ́nu ẹja. Mo gbé e sórí tábìlì, mo jókòó tì í. Kọ́ládé ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá mi níbẹ̀, ó ní kí ló dé. Mo ní bàbá mi ti kú.

Ẹ má ní mo ń sọ ìsọkúsọ. Bàbá mi ò lè ká ẹja ìsọmọlórúkọ láyé. Tí ọwọ́ wọn bá rọ, wọ́n á dúró ti ẹlòmíì, wọ́n á máa bá a wí títí yóò fi nà án. Tí ẹja yìí bá ká, a jẹ́ pé wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yan án. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ẹ̀ papọ̀. Gbogbo ìgbà, "Ó ti lọ sómi." Mo pe Aunty Sẹ̀kínát lánàá, àwọn náà ní Bàbá ti lọ sómi. Omi wo? Omi tó lé yín kúrò nílé? Àti ìbọ̀wọ́. Ta ló ń wọ ìbọ̀wọ́ yẹn, Màmá? Ṣé ẹ kàn ń béèrè nǹkan ọkùnrin lọ́wọ́ mi kí n lè máa rò pé ọkùnrin kan wà nílé?

Ẹ rántí ohun tí àwọn ará ilé Kọ́ládé ṣe fún un. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń sọ fún un pé, "Daddy ń sinmi." Wọ́n ti sin bàbá ẹ̀, wọ́n ti pín aṣọ, òun ṣì ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́. Títí di òní, tí fóònù bá dún láti ilé, èmi ló máa ń gbé e fún kí n gbà á. Mo mọ̀ pé nítorí oyún lẹ ṣe ń pa á mọ́. Ẹ má ṣe é. Àìmọ̀ yìí ló máa pa mí.

Tí Bàbá bá wà láyé, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ̀wé sí mi. Tí wọn ò bá sí, ẹ sọ fún mi kí n sunkún wọn bó ṣe yẹ kí ọmọ sunkún bàbá ẹ̀.

Adédiwúrà


Ìkòsì
29 Oṣù Kọkànlá, 2024

Adédiwúrà,

Bàbá ẹ ò kú. Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn kí n tó kí ẹ. Bàbá ẹ ò kú, kò ṣàìsàn, ó jẹ ẹ̀bà lánàá, ó ní iyọ̀ ọbẹ̀ pọ̀ jù. Kí Ọlọ́run gba ọ̀rọ̀ burúkú yẹn kúrò lẹ́nu ẹ. O pa bàbá ẹ sórí ìwé, ìwọ ọmọ yìí! Mo kà á, orí mi wú.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo fà á. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ọdún kan. Jókòó, ó kàn mí láti sọ.

Láti oṣù Kejì ni bàbá ẹ ti gbé àwọ̀n kúrò lómi. Tó bá nà án, koríko ni, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni, ẹpìyà tí kò tó ìka ọwọ́ ni, ó sì máa ń dá wọn padà. Ó gbìyànjú. Ìgbà kan wà tí a fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ gàrí àti epo, àwa tí a ti ń gbé ẹja lọ fún Kétu láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Mo lọ sí Kétu láti ra orí ẹja, mo fi ìborùn bojú kí àwọn oníbàárà mi má bàa mọ̀ mí. Ẹni tó wà níwájú mi lórí ìlà bojú tiẹ̀ náà. Aya Jayé ni, ará ilé kejì wa.

Nígbà tó yá, bàbá ẹ wá iṣẹ́ sí ilé yìnyín ní Kétu, níbi tí wọ́n ń kó ẹja òyìnbó sí. Páálí ló ń rù. Ìdí ìbọ̀wọ́ nìyẹn. Ó mú mi lọ síwájú Bíbélì, ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ. Ó ní, "Jẹ́ kí ọmọ náà máa rí mi lójú omi." Diwúrà, kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Nígbà tí lẹ́tà oyún ẹ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àrọ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló ní àyè. Gbogbo ọjọ́ Àìkú láti oṣù Keje dé ìgbà tí omi wọlé, ìgèrè ló ń dẹ, kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ rò pé ó bá wa jà. Ìyẹn tí mo ní ó wà lómi, òótọ́ ni. Kò rí ẹyọ kan. Lẹ́yìn tí omi lé wa, ó ká ìgèrè, ó jókòó sórí ìjókòó Sẹ̀kínát, ó ní, "Kí ni màá sọ fún ọmọ yẹn?" Mi ò rí bàbá ẹ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo wá yọ́ lọ sí Kétu, mo ra àrọ̀ òsìn tí wọ́n ti yan sílẹ̀. Kíká ni gbogbo wọn ká. Mo rò pé òyìnbó á ti jẹ́ kó o gbàgbé. Mo ní ẹja ni ẹja. Mo ṣẹ̀, mo tọrọ àforíjì.

Mo ka lẹ́tà ẹ sí i létí. Ibi tí o ti ní Bàbá ti kú, ó dìde, ó jáde lọ. Ó ti di ọjọ́ kẹta báyìí, ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn nìkan ló jáde lẹ́nu ẹ̀. Mo na fóònù Sẹ̀kínát sí i pé kó pè ẹ́, kò gbà á; mo wá gbé ìwé àti bírò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kàn án.

Ìyá ẹ tó ń bẹ̀ ẹ́.


Scotland
8 Oṣù Kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárẹ̀ o. Ọwọ́ mi ò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ sọ. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ikùn ò jẹ́ kí èyíkéyìí lọ nílẹ̀ dáadáa, ẹ fojú ọkàn wò ó.

Màmá ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Ẹ má bínú sí wọn. Bàbá, kí lẹ rò pé èmi ń ṣe níbí? Ẹja ni mò ń tò. Mo dúró sínú òtútù, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo to ẹja sínú páálí, páálí wọ ọkọ̀, ó lọ. Ẹ dúró sínú òtútù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gba páálí. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Èwo ni ìtìjú níbẹ̀? Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń bá a yí, tí èmi sì ń béèrè àrọ̀ lọ́wọ́ yín bí ẹni tó ń béèrè omi tútù.

Ẹ má wá àrọ̀ mọ́. Ẹ kàn kọ ìlà kan sí mi. Ìlà kan. Mo gba Màmá gbọ́, ṣùgbọ́n mo ti jí lẹ́ẹ̀mejì rí tí ọkàn mi ní, "Ṣé o rò pé wọn ò lè kọ irú lẹ́tà yẹn láti fi tù ẹ́ nínú ni?" Kọ́ládé dìde jókòó tì mí. Ó mọ bó ṣe ń rí.

Ọmọ lè dé nígbàkígbà.

Adédiwúrà yín


Ìkòsì
23 Oṣù Kejìlá, 2024

Adédiwúrà,

Èmi ni. Mi ò tíì kú.

Ìyá ẹ dúró lẹ́yìn mi, ó ní ìkíni ni mo kọ́kọ́ gbọdọ̀ kọ. Kú àjò. Kú ìkúnra. Ọwọ́ mi ò mọ bírò bó ṣe mọ àjẹ̀ ọkọ̀, tí ìlà bá wọ́, fara dà á.

Mo bínú fún ọjọ́ díẹ̀. Kì í ṣe sí ẹ. Mo rò ó pé ẹni tó bá rí ẹja tó ká tó ní bàbá òun ti kú, ọmọ yẹn mọ bàbá ẹ̀. Ìbínú tán.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ sí Scotland báyìí tí mò ń bọ̀ wá jẹun alẹ́ ní Ìkòsì. Òtútù ilé yìnyín yẹn kì í ṣe ti ọyẹ́. Kí ìbọ̀wọ́ ẹ tó dé, àpò ìrẹsì la fi ń we ọwọ́. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo rí Jayé tí èmi fúnra mi kọ́ ní àwọ̀n nínà. Mo fi páálí bojú. Nígbà tí mo máa sọ ọ́ kalẹ̀, mo rí i pé òun náà fi tiẹ̀ bojú. A wo ara wa, a rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá fi ké mọ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí. Mi ò kọ omi sílẹ̀, Diwúrà. Omi ló kúrò níbi tí mo mọ̀ ọ́n sí. Àwọ̀n mi wà lókè àjà Sẹ̀kínát. Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí eku má jẹ ẹ́. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé àrọ̀ ti padà, mi ò ní dágbére fún ọ̀gá.

Ó wá ku ti ọmọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà náà ni mo wà báyìí, mi ò lè jẹ́ kó wọ́ lójú mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, páálí kan já lọ́wọ́ Jayé. Ọ̀gá ní kí a pín èyí tó dà sílẹ̀. Kí n tó mú tèmi, mo wo èyí tó kù nínú páálí. Orí sí ìrù, ìrù sí orí, ẹyọ kan ò wọ́ níbẹ̀. Mo ní ẹni tó to eléyìí, ilé ẹlẹ́ja ló ti wá. Mi ò sọ pé ìwọ ni. Àwọn tó ń kó ẹja wá pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé ìwọ kọ́.

Mo mú ẹyọ kan. Mo yan án lẹ́yìnkùlé Sẹ̀kínát, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un láti ẹnu dé ìrù. Mo lo ọjọ́ méjì tì í. Sẹ̀kínát ní èéfín pa òun, mo ní kó ṣe sùúrù.

Kì í ṣe àrọ̀. Kì í ṣe ẹja Àgbóyi. Mi ò ní pa irọ́ fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Nígbà tí ẹ bá fi kàn án lẹ́nu, kí Kọ́ládé sọ pé: bàbá àgbà ẹ wá ẹja lọ sómi, kò rí i, ó wá a dé ọjà, ó rí i. Ìyá ẹ ló tò ó, bàbá àgbà ẹ ló rù ú. Kí ibi tí omi bá gbà máa gba ìwọ náà. Kí o tẹ̀síwájú ní gbọọrọ. Àmín.

Tó bá jẹ́ ọkùnrin, Olúwadàmọ́lá. Tó bá jẹ́ obìnrin, Motúnráyọ̀.

Success pè, ó ní ọmọ ìjọ wọn kan tó wá ṣọdún nílé ń padà bọ̀ lọ́hùn-ún lẹ́yìn ọdún tuntun, òun ló máa mú un wá. Sọ fún Kọ́ládé pé bàbá tiẹ̀ tí wọ́n fi ikú ẹ̀ pa mọ́ fún un, mo bá a kẹ́dùn.

Bàbá ẹ,
Àkànní


Scotland
12 Oṣù Kìíní, 2025

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ kú ewu ọmọ! Obìnrin ni. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kejìlá ló dé, ní àárọ̀, pẹ̀lú ariwo. Etí ẹ̀ dà bíi ti Màmá, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ràn.

Ọjọ́ kẹjọ pé, ẹja tí Success ní ó ń bọ̀ láti ilé ò tíì dé. Uncle Godwin, àgbà ìjọ wa níbí, ní a ò gbọdọ̀ fi ọmọ sílẹ̀ láìlórúkọ kọjá ọjọ́ kẹjọ, pé oyin àti iyọ̀ wà nílẹ̀, kí ló kù. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Uncle, ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n wo Kọ́ládé pé kó bá mi sọ̀rọ̀. Kọ́ládé tó fi mí ṣẹ̀sín lórí ẹja kíká ló wá sọ pé, "Sà, a máa dúró."

Ọjọ́ kẹwàá ni ọmọ ìjọ Success wá kan ilẹ̀kùn. Mo fi ọwọ́ kan gbé ọmọ, mo fi ọwọ́ kejì gba ẹrù. Mi ò rí ẹja, ọ̀rá àti ìwé ìròyìn ló bò ó mọ́lẹ̀. Mi ò rí lẹ́tà, abẹ́ ẹja ló wà. Ẹ̀rù bà mí láti tú u. Kí n jẹ́wọ́ fún yín: gbogbo ọ̀rọ̀ tí Màmá kọ, mi ò tíì gbà á tán nínú ọkàn mi títí di ìgbà yẹn. Mo jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo gbé Motúnráyọ̀ sórí itan, mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ọ̀rá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá egungun.

Ó nà gbọọrọ.

Mo sunkún débi pé Kọ́ládé sáré jáde láti ilé ìdáná, ó ní, "Ṣé wọ́n ti kọ̀wé?" Mo ní mi ò tíì ka nǹkan kan. Kí n tó ka lẹ́tà yín rárá, Bàbá, mo ti mọ̀ pé ẹ wà láyé.

Ọmọ yín,
Ìyá Motúnráyọ̀